Android àti iPhone: Ojú Ẹni Tí Ń Lò Ó àti Ojú Ẹni Tí Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí n kì í yé gbọ́ ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ń gbọ́ ọ nínú dáńfó láti Oníipanu, mo sì ń gbọ́ ọ ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe. Ìbéèrè náà ni pé: nínú Android àti iPhone, èwo ni ó dára jù? Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí mo fara balẹ̀ gbọ́ wọn, mo rí i pé àwọn tí ń jiyàn kì í sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà. Ọ̀kan ń sọ nípa fóònù tí ó fẹ́ mú lọ́wọ́. Èkejì ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù, ìyẹn àwọn ohun èlò tí a ń gbé sórí fóònù bí WhatsApp tàbí áàpù báńkì, ó sì ń sọ nípa ibi tí yóò pàtẹ ọjà rẹ̀ sí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n sọ di ọ̀kan. N óò gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ní alẹ́ yìí, nítorí pé owó gidi ni àwọn òbí ń ná lé e lórí.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ṣómólú láti mọ̀, nítorí pé ìlú atẹ̀wé ni ìlú wa. Ẹni tí a fún ní kàdì ìgbéyàwó kì í bèèrè bóyá ẹ̀rọ Heidelberg ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ̀rọ mìíràn. Bí bébà náà ṣe ń dán ni ó ń wò, àti bóyá wọ́n kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ iye tí pléètì kan jẹ́, ó mọ bébà tí ń mu tàdáwà jù, ó sì mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀ kí iṣẹ́ náà tó jáde ní ọjọ́ Jímọ̀. Ojú méjèèjì ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kì í rí ohun kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí orúkọ méjèèjì dúró fún. Android kì í ṣe orúkọ fóònù kan. Ètò kan ni tí ó wà nínú fóònù, tí ó ń darí gbogbo ohun tí fóònù náà ń ṣe, láti orí ìpè títí dé orí àwòrán yíyà. Google ra ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2005, fóònù àkọ́kọ́ tí ó lò ó sì jáde ní ọdún 2008. Google kò fi í pamọ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá lè ṣe fóònù lè mú un lò, ìdí nìyí tí Samsung, Tecno, Infinix àti itel fi ń lo ohun kan náà bí ojú wọn kò tilẹ̀ jọra. Ti iPhone yàtọ̀. Apple ni ó ni fóònù, òun náà ni ó ni ètò tí ń darí rẹ̀, tí à ń pè ní iOS, kò sì yá ẹnikẹ́ni lò. Steve Jobs fi iPhone àkọ́kọ́ han ayé ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ní oṣù keje ọdún 2008 ni Apple ṣí ọjà áàpù tirẹ̀, App Store, pẹ̀lú nǹkan bí 500 áàpù. Google ṣí tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sì sọ ọ́ ní Google Play ní ọdún 2012. Android dàbí àdìrẹ, tí aláró kọ̀ọ̀kan lè rẹ sínú ìkòkò tirẹ̀. iPhone dàbí aṣọ òkè tí ahunṣọ kan ṣoṣo ní gbogbo ayé ń hun.

Kò tíì pẹ́ tí àwọn méjèèjì gba ọjà. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú yín yóò rántí oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí ìpè ìṣẹ́jú kan ń gba 50 náírà. Nokia ni ọba nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni BlackBerry dé, tí àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó ní Akọkà kò fi bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ara wọn mọ́, bí kò ṣe PIN. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ tí ń gbé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ ró dúró, wọ́n sì dákẹ́. Ẹni tí ó kàn ń lò ó lọ ra fóònù mìíràn, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù fún BlackBerry, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó bá a lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á fi ojú ẹni tí ń lò ó wò ó. Android wà fún olówó, ó sì wà fún mẹ̀kúnnù. Kò sí iPhone tuntun fún mẹ̀kúnnù. Ilé-iṣẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ni ó ni Tecno, Infinix àti itel. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí fara balẹ̀ wo bí àwa ará Áfíríkà ṣe ń gbé. Wọ́n rí i pé ẹnì kan a máa ní síìmù méjì, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dára ní Yábàá lè má dára ní etí ọ̀sà Bàrígà. Wọ́n rí i pé iná ìjọba kì í dúró. Wọ́n sì rí i pé àwọn kámẹ́rà kan kì í mọ ojú aláwọ̀ dúdú yà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fóònù onísíìmù méjì, tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, tí kámẹ́rà rẹ̀ sì mọ̀ wá lójú. Ọdún 2018 ni iPhone ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè fún síìmù kejì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó mú wa gbàgbé ibi tí iPhone ti dára. iPhone 6s jáde ní ọdún 2015, ètò tuntun tí Apple gbé jáde ní ọdún 2021 sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko! Púpọ̀ nínú àwọn Android olówó pọ́ọ́kú kì í rí ètò tuntun gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rí i rárá.

Nítorí pé iPhone ń pẹ́ báyìí ni àwọn ènìyàn wa fi ń ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí olùrà bá mọ ohun tí yóò wò. Ẹ rí i dájú pé ẹni tí ó ń tà á ti yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2013 ni Apple ti fi àgádágodo sí i. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín kò bá tú u, òkúta ni ẹ rà. Android náà ní irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ẹ tún bèèrè ìlú tí fóònù náà ti wá. iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, àti àwọn tí ó tẹ̀lé e níbẹ̀, kò ní ojú ihò tí a ń ki síìmù bọ̀. eSIM, tí a kì í fi ojú rí, nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí ó ń wá ihò yí fóònù náà ká bí ẹni ń wá ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀ ọmọ. Lékè gbogbo rẹ̀, láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone tí kò bá lè gba iOS 15.1, èyí tí ó yọ iPhone 5s àti iPhone 6 kúrò. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ó ti kọ Android 4.4 sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá ra irú wọn ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ti mọ ìdí tí ó fi pọ́ọ́kú.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí owó àjọ ń gbà lọ. Ìyá kan ń tajà ní Bàrígà, ọmọ rẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà béèrè ni iPhone. Ó ní, “Màámi, òun ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ń lò.” Màámi náà kò mọ bí òun yóò ṣe dá a lóhùn, ni ó bá kó àjọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yìí wà. Ibi tí a ti ń dán iṣẹ́ wò ni fóònù jẹ́. Owó tí a fi ń ra iPhone tòkúnbọ̀ tí ó dára tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan, ọmọ tí ó ní kọ̀ǹpútà tí ó sì ń lo fóònù kékeré lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní iPhone tí kò ní kọ̀ǹpútà, àwòrán ni yóò máa yà.

Ojú ẹni tí ń ṣe áàpù ni mo fi ń wò ó báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fún Android yóò gba ohun èlò tí à ń pè ní Android Studio lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Windows, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac, àfi kí kọ̀ǹpútà náà ní RAM tí kò dín ní GB 8. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fún iPhone yóò gba Xcode, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n orí Mac, kọ̀ǹpútà tí Apple fúnra rẹ̀ ń ṣe, nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí MacBook Air tuntun jáde ní ìparí ọdún 2020, 999 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tí ó kéré jù ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé kí ọmọ náà tó kọ ìlà kan ni ọ̀nà ti pín sí méjì.

Bí ó bá kọ áàpù rẹ̀ tán, ó lè fi wáyà so Android mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó sì gbé e sórí rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ó lè fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Akọkà bí ẹni fi orin ránṣẹ́. Lórí iPhone, ẹni tí kò tíì san owó lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí fóònù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 7 kò ní ṣí mọ́, àfi kí ó tún un gbé. Bí ó bá wá fẹ́ pàtẹ sí ọjà gan-an, Google ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025 tí dọ́là kan ń rìn yípo 1,500 náírà, ìyẹn jẹ́ bí 37,500 náírà fún ti Google, àti bí 148,500 náírà lọ́dún fún ti Apple. Ọdún tí ẹ kò bá san ti Apple, wọn yóò kó ọjà yín kúrò lórí àtẹ.

Ẹ má wá rò pé ẹnu ọ̀nà Google ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ wá àwọn ènìyàn tí yóò gba áàpù náà dán wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́ dúró kí ó tó lè tà á fún gbogbo ayé. Ènìyàn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́. Ní ìparí ọdún 2024 ni wọ́n dín in kù sí 12. Ní Ṣómólú, níbi tí ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ ṣì pọ̀, ènìyàn 12 kò jìnnà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Google tún kéde pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe áàpù Android, kódà àwọn tí kì í gba Google Play kọjá. Nítorí náà ìfiránṣẹ́ láti ọwọ́ sí ọwọ́ tí mo ń yìn yìí, ẹ má fọkàn sí i pé bí ó ṣe rí yìí ni yóò rí títí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fò, nítorí pé olùkọ́ èdè ni mí. Èmi àti àwọn kan tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe áàpù kékeré kan fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì sọ bóyá ó gbà á. Ẹ mú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó, ohun tí à ń fi roko, àti ohun tí à ń wọ̀ lọ sí Ọbáléńdé. Bí àmì bá ti yí, ọ̀rọ̀ ti yí.

Lójú ènìyàn, lẹ́tà mẹ́ta ni ó wà nínú ọkọ̀. Lójú ẹ̀rọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ayé ni wọ́n ti fún ní nọ́ńbà nínú ètò kan tí à ń pè ní Unicode. Lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ àti ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ tí ó ru àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì náà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀ tí a gbé lé e. Nítorí náà ọkọ̀ di mẹ́rin. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ọmọ náà kọ́kọ́ tẹ o lásán, tí ó fi ìpín sábẹ́ rẹ̀, kí ó tó fi àmì sórí, ọ̀rọ̀ kan náà di mẹ́fà. Ẹ gbé méjèèjì sójú fóònù, wọ́n jọra bí ìbejì.

Ibí yìí gan-an ni àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ fún ẹni tí ń fi èdè wa ṣiṣẹ́. Swift, èdè tí Apple gbé jáde ní ọdún 2014 fún àwọn tí ń ṣe áàpù iPhone, ń ka lẹ́tà bí ojú ènìyàn ṣe ń kà á. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní mẹ́ta ni lẹ́tà inú ọkọ̀, ọ̀nà yòówù tí a gbà tẹ̀ ẹ́, yóò sì ní ìbejì méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Kotlin, tí Google fọwọ́ sí fún Android ní ọdún 2017, àti Java tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò ní mẹ́rin ni èyí, mẹ́fà ni tọ̀hún, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè fà: ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Bàrígà tẹ ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, fóònù sì sọ fún un pé kò mọ èdè ìyá rẹ̀. Ohun tí a fi ń yẹra fún èyí wà nínú Android fúnra rẹ̀. Normalizer ni orúkọ rẹ̀, ó máa ń sọ ìbejì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Fún kíka lẹ́tà, BreakIterator wà. Ìlà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n wà, kí ó sì pè wọ́n.

Bí ẹ bá bi mí léèrè nígbà náà pé ilé ta ni ó tu alájàpá èdè Yorùbá lára jù, n óò ní ti Apple. Síbẹ̀ Android ni a fi áàpù náà ṣe. Àwọn ọmọ tí a ṣe é fún, fóònù ìyá wọn ni wọ́n ń yá lò ní alẹ́, kò sì sí iPhone kankan nínú fóònù àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tí ó dùn ún ṣe, tí kò dé ọwọ́ ẹni tí a ṣe é fún, kí ni yóò jẹ́?

Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní òkè òkun kò ní dáhùn bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, iPhone ju ìdajì fóònù tí wọ́n ń lò lọ, owó tí àwọn ènìyàn sì ń ná nínú App Store ju ti Google Play lọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Android ni ó pọ̀ jù láyé. Owó tí ọjà méjèèjì ń yọ lára ẹni tí ń tà kò yàtọ̀ púpọ̀: ìdá 30 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 wọ́n ń gba ìdá 15 lọ́wọ́ àwọn tí ọjà wọn kéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà wà láti kọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún ilé méjèèjì. React Native tí Facebook gbé jáde ní 2015 ń ṣe é, Flutter tí Google parí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2018 náà ń ṣe é. Ó dín wàhálà kù, ṣùgbọ́n ẹ ṣì nílò Mac kí ti iPhone tó lè jáde. Àwọn kan ń yá Mac lò láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì mọ́gbọ́n dání fún ẹni tí kò tíì ní owó rẹ̀.

Àríyànjiyàn àwọn ọmọ wa tilẹ̀ fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ẹ lọ sí etí omi ní Ìlàjẹ ní Bàrígà, ẹ wo àwọn tí ń ta ẹja. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, kò ní láti ní Android, kò ní láti ní iPhone. Yóò tẹ ìràwọ̀, nọ́ńbà báńkì rẹ̀, àti àmì ìparí, irú bí *737#, lórí fóònù kékeré tí a ń fi bọ́tìnnì tẹ̀, owó yóò sì lọ láìná dátà kankan. Àwọn báńkì wa kò ṣe èyí nítorí pé wọn kò mọ áàpù í ṣe. Wọ́n wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí tí kò bá tíì ronú kan fóònù onítẹ̀bọ́tìnnì, kò tíì wo àdúgbò ara rẹ̀ tán.

Ní ti ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ, ẹ kò ní láti jìnnà. Yábàá kò ju ìrìn dáńfó kan lọ. CcHub, tí Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe dá sílẹ̀, ti wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay láti ọdún 2011. Ibẹ̀ ni Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook bẹ̀ wò ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2016, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ìgboro bí ẹni tí ń lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí Tìjání di Mínísítà ní ọdún 2023, ó gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Bí ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá ń gbọ́ mi, ètò ìnáwó tí mo bá a ṣe nìyí. Kí ó kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù tí RAM rẹ̀ tó GB 8. Kí ọmọ máa lo Android tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò lọ sí ibi ètò inú rẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà ètò náà lẹ́ẹ̀méje, fóònù yóò sì sọ fún un pé òun ti di olùṣe áàpù. Kí wọ́n fi 25 dọ́là ti Google pamọ́ títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ iPhone àti Mac lè dúró de oníbàárà tí yóò béèrè fún un, kí owó oníbàárà náà sì wà lára ohun tí a ó fi rà á.